Kòkòrò Ajẹ̀tù Ilẹ̀ Talladjé

Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé kòkòrò ni mo ń bọ́ ní Niamey. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọmọ àwọn ń bá dókítà ṣiṣẹ́. Irọ́ kọ́, dókítà ni ọ̀gá mi lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ ló ń wò sàn, kì í ṣe èèyàn. Kò pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó àìsàn wọn wá bá mi lórí fóònù. Obìnrin kan ní kí n wá oògùn orúnkún fún òun. Mo ní, "Màámi, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ kó bá mi." Wọ́n ní kí n ṣáà sọ fún un pé kó máa fi omi gbígbóná jó o. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Orúnkún náà san. Látìgbà náà ni iṣẹ́ dókítà ti lẹ̀ mọ́ mi lára.

Ọkọ ló gbé mi dé Niamey. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun náà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, torí pé bàbá rẹ̀ ti ń ta aṣọ ní Grand Marché, ọjà ńlá àárín ìlú, kí wọ́n tó bí i. Ó wá sí òkú bàbá rẹ̀ àgbà nílé, ó rí mi, ó ní òun ò padà mọ́ àfi tí a bá jọ lọ. Yorùbá ẹnu rẹ̀ dà bí àǹkárá tí wọ́n ti fọ̀ fọ̀ fọ̀, àwọ̀ ṣì wà níbì kan, ó ti ṣá níbòmíì. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kí ìyá mi, ó ní, "Màámi, ṣé o sùn dáadáa?" Ìyá mi wojú mi. Kí n tó la ẹnu, ọkùnrin náà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tòun ti bùbá funfun. Ìyá mi ní ẹni tó bá lè fi aṣọ funfun na ẹrẹ̀ nítorí àwọn, kó máa pe àwọn ní "ìwọ" lọ. Bí wọ́n ṣe fi mí fún un nìyẹn.

Mo rò pé mo mọ oòrùn kí n tó dé Niamey. Oòrùn tí mo mọ̀ nílé, ọmọdé ni. Ti Niamey, bó bá di oṣù kẹrin, inú àmù gan-an ló ń wọ̀, omi tó o bù pé kó tù ẹ́ nínú ni yóò máa jó ẹ láhọ́n. Lẹ́yìn oòrùn, tàsí ló tún bà mí lẹ́rù. Mo jókòó jẹ́ẹ́ sínú tàsí tí ọkọ mi bá mi dá dúró, mo rò pé tèmi nìkan ni, bí ọkùnrin kan ṣe nawọ́ lójú títì nìyẹn, dírẹ́bà dúró, wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀, ọkùnrin náà ṣílẹ̀kùn, ó jókòó tì mí. Mo ní ayé mi bàjẹ́, olè ti kó mi. Mo gbá báàgì mọ́ àyà, mo ń ka gbogbo ohun tí mo rántí nínú Kùránì. Ọkùnrin náà wò mí títí, ó mú dàbínù jáde nínú àpò, ó fún mi jẹ. Wọ́n jọ ń wọ tàsí níbẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Àmọ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí, oòrùn kọ́ ló dùn mí jù. Ẹnu mi ni. Nílé, bí mo bá jáde lọ ra iyọ̀, ọbẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná kí n tó dé nítorí ọ̀rọ̀ sísọ. Ní Niamey, mo di odi. Mo ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi, mò ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo oníbàárà bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Aládùúgbò wa ní Talladjé, Hàjíà Bíbà, ọmọ Zarma, obìnrin sísanra kan tó máa ń gbá ojúde tiwa mọ́ tiẹ̀ láìbéèrè, yóò kí mi láràárọ̀, "Fofo, Ìyá Ràmá. Mate ni go?" Màá ní, "Bani samey," ìyẹn pé àlàáfíà ni mo wà. Èsì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nìyẹn. Ibà ń ṣe mí, bani samey. Mo sunkún mọ́jú, bani samey.

Ràmá ni ọmọ wa, ibẹ̀ la bí i sí. Nígbà náà, fóònù alágbèéká ò tíì dé ọwọ́ wa. Àpótí onígíláàsì kan wà lẹ́bàá títì tí wọ́n ti ń pe ìlú òkèèrè, inú rẹ̀ gbóná ju ìta lọ, ibẹ̀ ni mo ti máa ń pe ìyá mi. Bí wọ́n bá ti ní "hẹ̀lóò" báyìí, ẹkún á gbọ̀n mí. Ìyá mi á dákẹ́ títí n ó fi sunkún tán, wọ́n á wá sọ ohun kan náà tí wọ́n máa ń sọ: "Àjò kì í dùn kónílé má relé. Ọjọ́ wo lẹ ń bọ̀?" Èmi náà á bi ọkọ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé ọjọ́ wo là ń lọ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló fi dá mi lóhùn.

Bàbá rẹ̀ ra ilẹ̀ kan sẹ́yìn Talladjé nígbà ayé rẹ̀, kò rí i kọ́ kó tó kú. Àṣé láyé àtijọ́, àwọn tó ń fọ́ òkúta ní òkè ibẹ̀ ní ilé ìkẹ́tùsí lórí ilẹ̀ náà, ẹ̀tù líle tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta. Wọ́n kó lọ, èérí ẹ̀tù ò bá wọn lọ. Tójò bá rọ̀, omi tó bá dá sí kòtò àárín ilẹ̀ yẹn á pọ́n bí ìsápá tí wọ́n sè. Ewúrẹ́ ò mu ún. Tòmátò tí ọkọ mi gbìn síbẹ̀ rọ kó tó yọ ewé kẹrin. Mẹ́rì, ìyẹn ilé ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀ bí ilẹ̀ náà ò bá mọ́.

Ọkọ mi ní, "Ìyá Ràmá, ohun tí a ó ṣe nìyí. Bí ilẹ̀ bàbá mi bá sàn, a kọ́lé, a jókòó. Bí kò bá sàn, a kó ẹrù, a padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ pátápátá."

Mo ní àmín. Apá kejì ni mo ṣe àmín sí.

Ọdún ìbò ni ọdún náà. Ẹgbẹ́ òṣèlú pọ̀ nílùú ju oríṣi àǹkárá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa lọ. Gbogbo wọn ló ń ra aṣọ tí wọ́n ya ojú ọ̀gá wọn sí, ọkọ mi ń tà á fún ẹgbẹ́ yìí láàárọ̀, ó ń tà á fún ọ̀tá wọn lọ́sàn-án, ó sì ń ṣàdúrà fún gbogbo wọn pé wọ́n á wọlé. Olóṣèlú kan wá dé Talladjé, ó gun orí ọkọ̀, ó ní bí àwọn bá wọlé, ilẹ̀ onípupa yẹn á di ọgbà òdòdó. Òmíràn dé lọ́jọ́ kejì, ó ní ilé ìwòsàn ni tòun. Hàjíà Bíbà pàtẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì. Nígbà tí ìbò parí, a ò rí òdòdó, a ò rí abẹ́rẹ́.

Ni ọkọ mi bá bu ilẹ̀ náà sínú ọ̀rá, ó ní ká gbé e lọ sí yunifásítì ní Harobanda, lódìkejì odò. Òun ló ń sọ Faransé, èmi ń tẹ̀lé e. Ibẹ̀ la ti pàdé Dókítà Súmáánà, ọkùnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń fi gíláàsì ojú sórí irun títí tí yóò fi gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ó bu díẹ̀ nínú ilẹ̀ wa, ó pò ó, ó sẹ́ ẹ, ó kán oògùn kan sí i. Omi náà pọ́n kíá bí osùn. Inú dókítà dùn débi pé ó ń fọwọ́ pa ọwọ́. Ọkọ mi sọ fún mi pé, "Ó ní ilẹ̀ wa burú gan-an ni." Mo ní, "Kí ló wá ń dùn mọ́ ọn?"

Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ti ń wá. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń fi kòkòrò àìfojúrí jẹ oró ẹ̀tù kúrò nínú ilẹ̀, kò sì ní ẹni tí yóò máa bá a tọ́jú àwọn ìgò rẹ̀. Mo ti kọ́ iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ní pólì nílé, ìwé ẹ̀rí mi ń bẹ nínú àpótí tí ikán ń yọjú sí i. Nígbà tí ọkọ mi sọ bẹ́ẹ̀ fún un, dókítà béèrè lọ́wọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ díẹ̀ bóyá mo lè fara da òórùn. Mo ní ọmọ ẹlẹ́kọ ni mí. Bí mo ṣe di òṣìṣẹ́ nìyẹn, tí mò ń wọ tàsí ré afárá Kennedy kọjá láràárọ̀ pẹ̀lú àwọn àjèjì tí kò bà mí lẹ́rù mọ́.

Ẹ wo ayé. Èmi tó ń gbàdúrà kí ilẹ̀ náà kú ni wọ́n ní kí n wá wò ó sàn.

Dókítà ṣàlàyé fún mi pé kò sí idán níbẹ̀. Àwọn kòkòrò yìí ti wà nínú ilẹ̀ látọjọ́ aláyé ti dáyé. Bí wọ́n bá rí oúnjẹ tó dùn jẹ yó, tí omi bo ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ò rọ́nà wọlé, wọ́n á kọjú sí ẹ̀tù, wọ́n á máa tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí oró rẹ̀ á fi kúrò. Ohun tó le ni pé wọn ò fẹ́ ìyọlẹ́nu. Mo ní, "Ta ló fẹ́ ẹ?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ń wá oúnjẹ tó pọ̀ tí kò sì wọ́n tí a lè máa fún wọn. Mo sọ fún un nípa omidùn, omi kíkan tó máa ń dá sórí ògì, tó jẹ́ pé ìyá mi tọ́ mi dàgbà lórí rẹ̀. Ó ní ká gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù. A pín in sínú ìgò, ṣúgà níbí, sítáàṣì níbẹ̀, omidùn lọ́tọ̀, a fi eérú díẹ̀ sí i kó má baà kan jù. Nígbà tó yá, a kán oògùn sí wọn. Ti omidùn ò pọ́n tó ti ìṣáájú mọ́. Dókítà yọ gíláàsì lórí, ó wọ̀ ọ́ sójú, ó tún un wò. Lọ́jọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ sáré lọ sí àpótí onígíláàsì láìsunkún.

"Màámi, kòkòrò mi ń jẹ ẹ̀tù."

"Ẹ̀tù ìbọn?"

"Ti òkúta. Ó le ju ti ìbọn lọ."

"Kò ní bú gbàù níkùn wọn báyìí?"

Láti ọjọ́ yẹn, àwọn kòkòrò náà di ara àwọn tí ìyá mi ń béèrè àlàáfíà wọn. Ọkọ rẹ ńkọ́, ọmọ rẹ ńkọ́, àwọn ajẹ̀tù ńkọ́.

A kúrò nínú ìgò, a bọ́ sórí ilẹ̀ gan-an. Ọkọ mi pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jà, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n gbẹ́ kòtò gbàgede, wọ́n tẹ́ tapólì tó nípọn sí i, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ẹrù lórí tírélà, wọ́n kó ilẹ̀ olóró sínú rẹ̀, a da omi bò ó, a bu omidùn sí i, a bò ó pa. Òórùn rẹ̀ burú. Hàjíà Bíbà gbé àga rẹ̀ kúrò ní ojúde, kò sì bínú, ó kàn ń bi mí láràárọ̀ bí ara àwọn ẹran ọ̀sìn mi ṣe le sí. Mẹ́rì ní àwọn á wá yẹ ilẹ̀ wò kí òjò àkọ́kọ́ tó dé. Bó bá ṣì pọ́n, wọn á mọ odi yí ibẹ̀ ká, ilẹ̀ á di ti ìjọba, ọ̀rọ̀ sì parí.

Àkókò yẹn ni ìyá mi fi ẹnu ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wo Ràmá. Mo mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ wá wò bóyá ilẹ̀ náà ti kú, kí wọ́n lè kó wa lọ.

Wọ́n dé pẹ̀lú ẹrù tó pọ̀ ju ara wọn lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn àti Hàjíà Bíbà ti di kòríkòsùn. Ìkan ò gbọ́ èdè èkejì. Ìyá mi á sọ tiwọn ní Yorùbá, Hàjíà á dá wọn lóhùn ní Zarma, àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jọ pa òróró sí ẹsẹ̀. Ìlara mú mi díẹ̀, mi ò ní parọ́. Èmi tí mo ti pẹ́ níbẹ̀, bani samey ni mo ṣì ń sọ.

Lọ́jọ́ kan, mo ti Harobanda dé ní ìrọ̀lẹ́, mo bá àwọn méjèèjì lábẹ́ igi dóńgóyárò, wọ́n nà gbọọrọ sórí ẹní bí ẹni tó ṣiṣẹ́ ọba. Ìyá mi ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi. A ti bá ẹ ṣe iṣẹ́ ẹ."

"Iṣẹ́ wo, Màámi?"

"Omi ògì yín yẹn ti bàjẹ́. Mo gbóòórùn ẹ̀ látinú ilé. Mo ní ta ló kọ́ ọmọ mi báyìí, tí yóò fi ògì sílẹ̀ látọjọ́ yìí láìpa omi ẹ̀ dà. A ti gbọ́n ọn dànù sí kòtò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ yín yẹn. A da omi tuntun sí i, a rò ó dáadáa, a tún gbọ́n ọn, a tún da òmíràn. Ó ti mọ́ lóló báyìí. Lọ wò ó."

Mo sáré lọ síbẹ̀. Tapólì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi tútù ń dán lójú kòtò, ó mọ́ débi tí mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Ohun tí gbogbo ẹlẹ́kọ ń ṣe láràárọ̀ ni ìyá mi ṣe. Ohun tí èmi náà ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, nílé wọn. Wọ́n ti fọ àwọn kòkòrò mi dànù, wọ́n sì ti rọ afẹ́fẹ́ wọnú ibi tí afẹ́fẹ́ ò gbọdọ̀ dé. Nígbà tí mo padà, mo rí i pé àtẹ́lẹwọ́ àwọn méjèèjì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ata rodo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí àwọ̀. Hàjíà Bíbà rò pé ó rẹwà, ó fi ń hàn mí bíi làálì. Mo kó ọṣẹ jáde, mo fọ ọwọ́ wọn títí ọwọ́ tèmi fi ń ta mí.

Nígbà tí ọkọ mi dé láti ọjà, mo sọ fún un. Ó jókòó. Ó bọ́ fìlà. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ó dáa. Má bínú sí Màámi. Bóyá bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ohun tí o ń fẹ́ náà kúkú nìyí, a ó máa lọ sílé."

Ó yẹ kí n fò sókè. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń sunkún nínú àpótí onígíláàsì, ọjọ́ yìí ni mo ń sunkún fún. Dípò bẹ́ẹ̀, mo dìde lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo jókòó sórí òkúta, ni mo bá bú sẹ́kún. Ẹkún nítorí ẹrẹ̀. Ìyá mi tọ̀ mí wá, wọ́n ń gbé ọwọ́ pípọ́n wọn sókè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé làálì fún.

"Ṣé mo ti ba nǹkan ọmọ mi jẹ́ ni?"

"Màámi, ẹ ò mọ̀ ni. Èmi ni mi ò kìlọ̀ fún yín."

"Ṣebí o fẹ́ máa bọ̀ nílé. Ìwọ lo ń sunkún sí mi létí pé o fẹ́ máa bọ̀."

"Mo fẹ́ ẹ nígbà yẹn. Mi ò mọ ìgbà tí mo yí padà."

Wọ́n wo kòtò, wọ́n wò mí. Mo wò wọ́n náà, mo sì rí i pé ó dùn wọ́n. Wọ́n ti kó yàrá kan sílẹ̀ fún wa nílé, wọ́n ti kùn ún. Wọ́n ò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́.

"Ilẹ̀ yìí, ṣé o fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ, Màámi."

Wọ́n nu ojú mi pẹ̀lú etí ìró wọn. "Ó dáa. Níbo ni wọ́n ti ń lọ jéró níbí?"

Dókítà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó wo kòtò, ó wo ọwọ́ ìyá mi, ó ní kí wọ́n máa fọ̀ ọ́, pé àwọ̀ yẹn á ṣí, kí wọ́n sì wá rí òun bí orí bá ń fọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, ó fi igi gún ìsàlẹ̀ ẹrẹ̀, ó gbóòórùn ẹnu igi náà, ojú rẹ̀ sì tú díẹ̀. Ó ní gbogbo wọn ò lọ, àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ṣì ń bẹ. Bí a bá dá omi pupa tí wọ́n gbọ́n sí kòtò ìsàlẹ̀ padà, tí a gbé ẹrẹ̀ tó wà nínú àwọn ìgò wa kún un, tí a fún wọn ní oúnjẹ gidi, tí a sì bò wọ́n pa, wọ́n lè tún pọ̀. Àmọ́ oúnjẹ náà gbọ́dọ̀ pọ̀, òjò ò sì ní dúró dè wá.

Ni ògì bá bẹ̀rẹ̀ ní Talladjé. Ìyá mi ń rẹ jéró, Hàjíà Bíbà ń gbé e lọ lọ̀, ìyá mi á sẹ́ ẹ. Omidùn ni à ń wá, àmọ́ ẹ ò lè rí omidùn láìrí ògì, ẹ ò sì lè da ògì nù. Gbogbo ojúlé mu ògì. A fún àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi lọ́jà, a fún mọ̀là tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, a fún dírẹ́bà tàsí tó gbé mi. Ọkọ mi ní, "Ìyá Ràmá, mo ti ń gbọ́ ṣọ́bùṣọ́bù nínú ikùn mi bí mo bá ń rìn." Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin Zarma fi gbọ́ ohun tí à ń wá. Àwọn náà ń ṣe kókò jéró tiwọn, wọ́n sì ń da omi kíkan rẹ̀ nù tẹ́lẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wá ní korobá, láàárọ̀ lọ́sàn-án, wọ́n ń kí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà yẹn ni ẹnu mi là. O ò lè máa gba korobá lọ́wọ́ èèyàn kó o máa sọ bani samey nìkan. Mo kọ́ ẹ ṣé, mo kọ́ ọmọ ńkọ́, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣàwàdà nípa ọkọ. Nígbà tó yá, mo ń pẹ́ lójúde bí ìgbà tí mo ń lọ ra iyọ̀ nílé.

Ìyá mi ló ń ṣọ́ kòtò. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó síbẹ̀, wọ́n mú ọmọrógùn dání. Ewúrẹ́ ò gbọdọ̀ kọjá. Ràmá ò gbọdọ̀ kọjá. Dókítà fúnra rẹ̀ dé lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ ká etí tapólì sókè díẹ̀ kó wò ó, ìyá mi na ọmọrógùn sí i. "Sọ fún un pé òun ló ní kẹ́nikẹ́ni má ṣí i." Mo túmọ̀ rẹ̀. Dókítà fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ní kí n bá òun bẹ Màámi. Wọ́n ò gbà. Ó bu ògì mu, ó lọ.

Lọ́jọ́ tí ará mẹ́rì fẹ́ dé, ìkùukùu ti ṣú sí apá ìlà oòrùn. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, ó wọ bàtà tó dáa jù fún ilẹ̀ wa. Dókítà bu ẹrẹ̀ láti ibi mẹ́rin, a sẹ́ ẹ sínú ìgò kéékèèké, gbogbo àdúgbò dúró yí wa ká. Ọkọ mi ò lè wò ó, ó kọjú sí ògiri. Dókítà kán oògùn sí àkọ́kọ́. A dúró. Kò pọ́n. Ó kán ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, kò pọ́n. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò pọ́n. Èyí tó kẹ́yìn, tí a bù ní igun tó sún mọ́ kòtò ìsàlẹ̀, mú àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí ètè ọmọ tó jẹ ata.

Ará mẹ́rì àti dókítà sọ̀rọ̀ ní Faransé títí. Mo ń gbọ́ ọ nígbà yẹn, díẹ̀díẹ̀, àmọ́ etí mi ń hó, mi ò mú ohunkóhun. Ọkọ mi ló yípadà níbi ògiri. Ojú rẹ̀ ti kún fún omi. "Ó ní ká mọ ọgbà kékeré yí igun yẹn ká, ká tọ́jú rẹ̀ títí ọdún tó ń bọ̀. Ó ní ká kọ́lé sórí ìyókù."

Hàjíà Bíbà ò dúró kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Ó gbá ìyá mi mọ́ra, ọmọrógùn wà láàárín wọn.

Ìyá mi lọ sílé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, wọn ò sọ òwe wọn. Wọ́n kàn di ọwọ́ mi mú, àwọ̀ pípọ́n yẹn ti ṣí kúrò lọ́wọ́ wọn tán, ó ku ẹ̀gbẹ́ èékánná. Mo padà sílé, mo sì bá a pé ilé ṣófo, mo sunkún díẹ̀, Hàjíà Bíbà gbé kókò wá.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ nígbà tí wọ́n ti dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mo jáde lọ wo ilẹ̀ tòun ti òjò. Omi dá sójú ilẹ̀ bó ṣe máa ń dá, mo sì bu ún sínú abọ́ funfun. Ó rí bí omi òjò lásán. Ewúrẹ́ Hàjíà ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tẹ orí ba, ó ń mu ún, mo lé e torí pé dókítà ò tíì ní kó mu ún, àmọ́ mi ò yára lé e.

Mo pe ìyá mi. A ti ní fóònù alágbèéká nígbà náà, inú òjò ni mo dúró sí.

"Màámi, kò pọ́n."

"Kò pọ́n?"

"Kò pọ́n rárá. Ọkọ mi ti lọ pe bíríkìlà."

Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń lọ nǹkan lẹ́yìn wọn. Ẹ̀rù ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ń bà mí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti já wọn kulẹ̀, pé yàrá tí wọ́n kùn sílẹ̀ fún wa á wà bẹ́ẹ̀.

"Yàrá mélòó lẹ fẹ́ kọ́?"

"A ò tíì mọ̀."

"Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi. Kí fèrèsé ẹ̀ má kọjú sí igun yẹn o, mo ti gbọ́ òórùn ẹ̀ tó."

Mo rẹ́rìn-ín, omi òjò wọ̀ mí lẹ́nu. Mo ní, "Màámi, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé àjò kì í dùn."

Wọ́n ní, "Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀ àjò? Ilé ọmọ mi ni mò ń bọ̀."